Làpálàpá, Fúláwà, àti Ẹ̀pà Tí Mo Yan De Jímọ̀

Gbogbo Àgọ́-Àrẹ ló mọ̀ mí sí Mákindé Aláwàdà. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí mo bá kú, wọn á kọ́kọ́ fi igi gún mi níhà kí wọ́n tó sunkún, kó má baà jẹ́ pé mo tún ń ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò sí nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá bù ú fún gbogbo Òkè-Ògùn láti Ìsẹ́yìn dé Ìgbẹ́tì, á kárí, á sì ṣẹ́kù tí wọ́n á fi dé ìkòkò.

Ìyá ìyàwó mi, Ìyá Misturat, ló wá kí wa láti Okaka. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lè lé agbo màlúù kúrò lóko. Fúláwà méjì ló gbé dání nínú ọ̀rá dúdú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní íkísórà, tí òdòdó rẹ̀ pupa, tó máa ń ṣù jọ bí bọ́ọ̀lù. Ó ní iwájú ilé wa rí bí ẹnu tí kò léyín, kí n gbìn wọ́n síbẹ̀.

Èmi ní làpálàpá ni mo fẹ́ fi ṣe ọgbà níwájú ilé, bí bàbá mi ṣe fi ṣe é lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá, ẹ gbọ́ ná," mo ní. "Làpálàpá ò ní kí ẹnikẹ́ni bomi rin òun. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ lásán, ẹ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹ tó wẹ̀yìn ó ti ruwé. Ewúrẹ́ ò jẹ ẹ́. Oje rẹ̀ ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró. Èso rẹ̀, àwọn ìyá àgbà fi tanná rí. Fúláwà yín yìí ńkọ́? Kí ewúrẹ́ Kàdírì aládùúgbò wa kan ṣoṣo rí i, ó ti di ìtàn."

"Èso tí o dárúkọ yẹn," ni Ìyá wí, "ṣé òun kọ́ ló ń mú ọmọ ṣu títí ojú á fi jìn sínú orí? Fúláwà tèmi ò so ohun tí ọmọ á kó sẹ́nu. Kó dára lójú niṣẹ́ tirẹ̀. Àbí gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ wúlò? Ìwọ gan-an, kí lo wúlò fún?"

Misturat ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo mú àdá, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti gé ọ̀pá làpálàpá tèmi.

Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn èso tó ti gbẹ lórí igi, ni orí mi burúkú bá jí.

Jímọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ọlọ́kadà ni. Ojoojúmọ́, bó bá ti kírun àsárì tán, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi, á ki ọwọ́ bọ ohunkóhun tó bá rí níbẹ̀, á máa jẹ ẹ́ kó tó kí èèyàn. Bí mo gbé òkúta kalẹ̀, Jímọ̀ á ti bù ú jẹ kó tó béèrè iyọ̀. Mo pa kóró èso làpálàpá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo bó èèpo dúdú rẹ̀ kúrò. Funfun ni inú rẹ̀, ó jọ ẹ̀pà. Mo yan án pọ̀ mọ́ ẹ̀pà gidi, mo pọ́n ọn sínú bébà, mo gbé e sójú fèrèsé. Kí Jímọ̀ jẹ méjì tàbí mẹ́ta, kó sáré wọgbó dìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni erémọdé mi mọ. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo padà sẹ́yìnkùlé, mò ń gé ọ̀pá, mò ń dá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ru ọ̀pá dé, Ìyá ló jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bébà náà ṣí sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. Ó ń jẹnu wúyẹ́wúyẹ́.

"Àna mi," ó ní, "ẹ̀pà rẹ dùn o. Ó sanra ju ti Okaka lọ."

Gbogbo ọ̀pá tó wà léjìká mi já lé mi lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo tó mọ̀ pé èékánná ẹsẹ̀ mi ti fọ́. Mo wo inú bébà. Làpálàpá mẹ́rin péré ló kù láàárín ìwọ̀nba ẹ̀pà.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, kí n tó fi ilé-ìwé sílẹ̀, Ṣèyí tí a jọ ń jókòó jẹ làpálàpá márùn-ún. Ọmọ tó ń gun igi bí ọ̀bọ! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò lè gbé ìka. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n wa ilẹ̀. Márùn-ún péré, ọmọ kékeré tára rẹ̀ le koko. Ìyá arúgbó sì jẹ mọ́kànlá.

"Ìyá, ẹ tu ú! Làpálàpá ni!"

Ìyá wò mí. Ó wo Misturat. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó tún dé!" ni Ìyá wí. "Lọ́dún tó kọjá, ó ní ọ̀nì wà nínú kànga, tí mo sá láìwọ bàtà délé Kàdírì. Lónìí, làpálàpá ni. O fẹ́ kí n padà sí Okaka kóo lè sọ fúláwà mi nù."

Kò sí ibi tó ń dùn ún. Èyí gan-an ló ń dẹ́rù bà mí, torí làpálàpá kì í tètè bá èèyàn jà. Á lúgọ síbi kan nínú ikùn ná, bí ọlọ́pàá ní kọ́nà. Ọsibítù sì dìgbà tí a bá dé Ṣakí.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, eruku kún mi lẹ́nu. "Ìyá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Bàbá Débọ́lá, ẹ dìde jàre," ni Misturat wí, "àwọn èèyàn ń wò yín."

Kàdírì tó ń kọjá lọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Bí mo ṣe ń bẹ Ìyá tó ni ẹ̀rín ń pọ̀ sí i. Ojú mi ń ṣú. Mò ń wo ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bó ti ń gbé itọ́ mì.

Ìyá wá na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ó kó ìyókù ẹ̀pà náà lé e. "Nílé tiwa, ẹni tó bá gbé nǹkan fún àlejò, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó yá, tọ́ ọ wò níṣojú mi."

Bí mo bá kọ̀, wọ́n á ní eré náà ló ń tẹ̀ síwájú. Bí mo bá mú ẹ̀pà gidi, wọ́n á ní ṣebí ẹ̀pà lásán náà rèé. Mo ṣa làpálàpá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, mo kó wọn sẹ́nu. Ó dùn. Ìkà tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mò ń rún un, omijé ń dà lójú mi. Mo gbé e mì.

Ìyá tẹjú mọ́ mi. Mo ti ṣe bí òkú nílùú yìí, mo ti ṣe bí wèrè, mo ti ṣe bí agbowó-orí, ṣùgbọ́n ẹnìkan ò rí ẹkún mi rí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Misturat," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "bá mi mú ìborùn mi wá."

Àsìkò yẹn ni Jímọ̀ gúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ojú fèrèsé. "Mò ń gbóòórùn ẹ̀pà yíyan. Ó dà?"

Mo gbé Ìyá sí àárín lórí ọ̀kadà Jímọ̀, mo jókòó sẹ́yìn, mo dì í mú. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ara rẹ̀ fi tutù mọ́ mi láyà. Òógùn ti rin ìborùn rẹ̀ gbindin. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, "Àṣìtafúrúlà," ó bì sí Jímọ̀ lẹ́yìn. Ó tún bì. Orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ti adìyẹ tí wọ́n ṣẹ́ lọ́rùn. Inú tèmi náà ti ń lọ́.

"Jímọ̀, sáré!"

"Mò ń sáré! Kí lẹ jẹ?"

"Ẹ̀pà tí mo yan dè ọ́."

Díẹ̀ ló kù kó kó gbogbo wa wọgbó. Eré ló ń sá títí a fi dé Ṣakí.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni Ìyá jẹ, mélòó ni, ìgbà wo ni. Mo ní làpálàpá yíyan mọ́kànlá, kó tó di àsárì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa dárúkọ iye nǹkan láìbu kún un. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fa sí tèmi náà. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì, mi ò wo ara mi, àyà rẹ̀ ni mò ń wò. Bó bá gbéra, tó bá pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀, tèmi náà á dúró dè é.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ó lajú.

"Mákindé."

"Ìyá."

"Èwo ló dára jù?"

"Fúláwà ni, Ìyá."

Ó di ojú rẹ̀. "Ó dáa."

Mo ti gbin íkísórà méjèèjì síwájú ilé. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń bomi rin wọ́n nínú ọyẹ́ yìí. Ewúrẹ́ Kàdírì wá lẹ́ẹ̀mẹrin, èmi gan-an ni mo di ọgbà wọn, tèmi ti igi lọ́wọ́. Mo fẹ́ gé làpálàpá ẹ̀yìnkùlé dànù pátápátá, Ìyá kọ̀. Ó ní igi ò yan ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀pà.

Bó bá wá kí wa báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ẹ̀pà wá láti Okaka. Kó tó jẹ, á kó díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á nà án sí mi, á tẹjú mọ́ mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀pà ni. Mo rí i pé ẹ̀pà ni. Síbẹ̀, bí mo bá ti ń rún un, àyà mi á máa lù kìkì, Ìyá náà ò sì ní mú ẹyọ kan títí á fi rí i pé mo gbé e mì.