Ìyá Dínméjì àti Kọ̀ǹpútà Tó Wọ Gáùnù

Ìyá Dínméjì ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ òun tètè jáde kò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló fà á. Bó bá ti ta tépù yí ìbàdí oníbàárà ká, tó rí i pé ogójì íńṣì ni, á pariwo pé, "Méjìdínlógójì péré! Kí lẹ̀ ń jẹ gan-an tẹ́ ẹ fi rí báyìí?" Inú oníbàárà á dùn ṣìnkìn. Ṣùgbọ́n ogójì tí ojú rí ni sísọ́ọ̀sì máa gé, aṣọ á sì wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín: kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ń dín ti ẹlòmíràn, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà pé ó dín tòun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo ń wí yìí, aránṣọ ò ráyè oníbàárà kankan. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ oníbàárà.

Ọkọ rẹ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà náà wálé. Rédíò ni ọkùnrin náà ń tún ṣe nígbà ayé rẹ̀, kò sì sóhun tó ní wáyà nínú tí kì í tú wò. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ òun ni. Ọmọ náà ò tíì mọ ìrìn rìn tí àìsàn fi mú bàbá lọ. Aránṣọ ò lè gbọ́ ohùn yẹn nígbà náà, ìbànújẹ́ ò jẹ́. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó fi gáùnù rẹ̀ àtijọ́ kan wọ̀ ọ́ kí eruku má bàa bà lé e, ó ní bí ọkàn òun bá balẹ̀, òun á ṣí i. Ọkàn balẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kó tó balẹ̀, nọ́ńbà pásíwọ́ọ̀dù tó ń ṣí i ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọjọ́sí ti wá di ìyàwó báyìí. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó, lẹ́yìn ẹ̀ ni yóò bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú òkèèrè. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ẹ má ra nǹkan kan fún mi. Ohùn bàbá mi ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó lọ."

Orí àpótí ló wà ní gbogbo àsìkò yìí, nínú gáùnù ìgbéyàwó tí ìyá rẹ̀ fi píìnì gún káàkiri, ebi sì ń pa á bí ẹni máa kú. Ìyá rẹ̀ ló wọ̀n ọ́n, tó pe ìbàdí rẹ̀ ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ lọ fi tépù ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n wò, ó di ọgbọ̀n. Ó ní yéè, òun ti sanra! Látọjọ́ náà kò fẹnu kan búrẹ́dì mọ́, omi gbígbóná ló ń mu. Ohun tó wá ya ìyá lẹ́nu ni pé gáùnù tó gé dáadáa ń sọ̀ kalẹ̀ lára ọmọ lójoojúmọ́.

Oníkọ̀ǹpútà àdúgbò náà wà níbẹ̀, ọkùnrin sísanra kan tó fẹ́ràn kó máa mi orí kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti bọ́ gáùnù kúrò lára kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, òun ló fi ń nu òógùn ojú.

Ó mi orí. "Màmá, mo lè fọ̀ ọ́ kó ṣí. Àmọ́ gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀ ló máa bá omi lọ. Bàbá tì í pinpin. Ẹ sì ti tẹ nọ́ńbà tó pọ̀ lánàá. Tẹ́ ẹ bá ṣì í tẹ̀ jù, á pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ fúnra ẹ̀. Ìgbà díẹ̀ ló kù."

"Díẹ̀ bíi mélòó?"

"Màmá, díẹ̀ ni díẹ̀ ń jẹ́."

Aránṣọ lu tábìlì. "Ṣebí mo mọ ohun tó jẹ́! Ìwọ̀n ara mi ni. Àyà, ìbàdí, ìdí, bá a ṣe ń tò ó níṣẹ́ wa. Ọjọ́ tó gbé e wálé ló wọ̀n mí. Ó ní kò sólè tó lè mọ̀ ọ́n, torí n kì í sọ ọ́ fẹ́nì kankan."

"Èwo lẹ wá tẹ̀ lánàá?"

"Ìwọ̀n mi ti ìsinsìnyí. Ṣé mo yí padà ni?"

Oníkọ̀ǹpútà wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì, nítorí ṣòkòtò tuntun kan tirẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìyá yìí tí wọn ò tíì rán tán.

Aránṣọ wọ yàrá, ó tú àpótí, ó mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde tó ń rùn fún kàfúrà. "Ẹ wò ó! Èyí ni mò ń wọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọge, kí ojú mi tó rí kọ̀ǹpútà." Ó ta tépù lé e. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógójì. Ti àárín yẹn, ojú fèrèsé ló ti pè é, kí àwọn tó ń kọjá ní títì lè gbọ́. Oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kùn díẹ̀, ó kọ̀.

"Kò ṣeé ṣe," ni aránṣọ wí.

Ọmọ sọ̀rọ̀ láti orí àpótí. "Màmá, ìgbà wo gan-an ni Bàbá gbé e wálé?"

"Ọdún tá a kó dé ilé yìí. Oṣù díẹ̀ kó o tó dé."

"Kó tó dé?" Oníkọ̀ǹpútà gbàgbé láti mi orí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ló wà nígbà náà?"

Aránṣọ gbé ọwọ́ lé ikùn láìmọ̀. Ojú rẹ̀ wá ń lọ díẹ̀díẹ̀ sára aṣọ tí ọkùnrin yìí gbé kọ́ èjìká, tó fi ń nu òógùn.

"Gbé gáùnù mi wá! Ìwọ ọkùnrin yìí, aṣọ oyún mi lo fi ń nuwọ́ nujú yẹn!"

Ó já a gbà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Òun ló rán an fúnra rẹ̀, ó rán an mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, nítorí ó ti búra nígbà yẹn pé òun ò ní torí oyún wọ àpò. Ó mọ iye àyè tó máa ń fi sínú aṣọ, ó yọ ìyẹn kúrò. Ogójì ni àyà. Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni ìdí. Nígbà tó dé àárín, kò lọ sójú fèrèsé mọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ ọ́: "Mẹ́rìnlélógójì."

"Èmi nìyẹn?" ni ọmọ bi í.

"Ìwọ ni. O sì ń ta mí nípàá tọ̀sántòru."

Oníkọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà kùn, ó kọ̀. Ọ̀rọ̀ pupa kan wá yọ lójú ẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ló kù, Màmá."

Aránṣọ fìdí jókòó. Kò pariwo, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé ìyẹn ló burú. "Mo ti sọ ohùn ọkọ mi nù," ló wí. "Mo ní màá gbọ́ ọ lọ́la, màá gbọ́ ọ lọ́la. Ọmọ mi, dárí jì mí."

Ojú ọmọ ti kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó ń wo tépù tó wà lọ́rùn ìyá rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí Bàbá wọ̀n yín, ta ló ń pe nọ́ńbà?"

"Èmi ni. Ó di tépù mú, èmi pè é, òun náà tẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni, n ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀yin lẹ pè é."

"Èmi ni mo..." Aránṣọ di tépù ọrùn rẹ̀ mú.

"Ẹ dín méjì, Màmá."

"Lára ìyàwó tó lóyún? Ta ló máa ń..."

"Màmá!"

Aránṣọ wo òrùlé, ó wo ilẹ̀. "Ó ṣeé ṣe," ló wí.

Oníkọ̀ǹpútà nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: méjìdínlógójì, méjìlélógójì, mẹ́rìnlélógójì. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ kedere, ó ṣí gbayawu! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Kò burú. Lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un. Irọ́ dé, wọ́n ní káàbọ̀.

Kí inú tó dùn tán ni oníkọ̀ǹpútà ti di ìgbànú ara rẹ̀ mú. "Màmá, ṣòkòtò mi ńkọ́? Ṣebí ẹ ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí?"

"Èyí tí mo rán fún ọ kọjá, ṣé ó wọlé àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé."

"Lọ jókòó."

Ọmọ ti rí ohun tó ń wá. Orúkọ kan ṣoṣo ni bàbá kọ síbẹ̀: Ọmọ Mi. Ìyá di ọwọ́ ọmọ mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rín ọkùnrin tí kò lè mí dáadáa. Ohùn wá tẹ̀ lé e. "Ọmọ mi, o káre níbẹ̀ o. Tépù ṣì wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dín méjì kúrò lára rẹ ni. O ò tíì dáyé, ó ti ń dín ọ kù! Ìyá Dínméjì ni màá máa pè é láti òní lọ. Má dá a lóhùn. Èmi fi ojú mi rí i, mẹ́rìnlélógójì lẹ jẹ́, o tóbi, o sì wù mí bẹ́ẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín nǹkan kan kúrò lára rẹ."

Láti ẹ̀yìn, ohùn aránṣọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ké pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ pa nǹkan yẹn!" Ẹ̀rín tún sọ, ó sì parí.

Aránṣọ ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí ì bá fi sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí tòun ti píìnì lára, ó wá dì mọ́ ọn. Ọwọ́ ìyá kan eegun ìhà ọmọ, ọ̀rọ̀ gáùnù tó ń sọ̀ wá yé e lójijì.

"Ọgbọ̀n ni," ló wí.

"Kí ni ọgbọ̀n?"

"Ìbàdí rẹ. Kì í ṣe méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n ló jẹ́ lọ́jọ́ tí mo wọ̀n ọ́, ọgbọ̀n náà ni mo gé. O ò sanra rárá, ẹnu mi ni."

Ọmọ fà sẹ́yìn kúrò lára rẹ̀. "Màmá! Ebi fẹ́ẹ̀ pa mí kú!"

"Mo mọ̀. Jókòó, búrẹ́dì ń bẹ."

Ìyá gé búrẹ́dì bẹ̀ǹbẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń yọ píìnì kúrò nínú gáùnù lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníkọ̀ǹpútà náà bu tirẹ̀, ó sì rọra tú bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ tún un fi sí i," ni ọmọ wí, búrẹ́dì kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n tún gbọ́ ibi tó ti ní mo tóbi."