Jẹjẹrẹ Tí Wọ́n Ń Ṣọ́

"Àwọn dókítà ní kí ẹ máa bọ̀ wá sílé lásán?" Fẹ̀hìntọlá gbé abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná sábẹ́ ẹja sílẹ̀. "Jẹjẹrẹ, bàbá Wọlé! Wọn ò gé e, wọn ò fún yín lóògùn?"

Ọkọ rẹ̀, Olówòkéré, jókòó sórí pákó ẹnu ọ̀nà, ó ń bọ́ bàtà. "Wọ́n ní kékeré ni, nídìí àpò ìtọ̀, kò sì yára. Wọn á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bó bá fẹ́ gbérí, wọn á tọ́jú ẹ̀."

"Bí wọ́n ṣe ní kí bàbá mi máa lọ sílé náà nìyẹn. Kò lo oṣù kan mọ́."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Sàláúdéènì, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ láti kékeré, gba orí afárá pákó dé. Ó ti gbọ́ pé dókítà dá ọ̀rẹ́ òun padà. Kò kí ẹnikẹ́ni, oríkì ló mú bọnu: "Olówòkéré, ọmọ a-tukọ̀-lójú-ìjì, ọmọ a-fi-òkun-ṣe-àgbàlá…" Omijé ti gba ojú rẹ̀.

"Dákẹ́ ńbẹ̀!" ni Olówòkéré wí. "Òkú ta lò ń kì? Bó bá jẹ́ àwọ̀n mi lo fẹ́ jogún, wàá dúró pẹ́."

Sàláúdéènì bú sẹ́rìn-ín, omi ṣì ń dà lójú rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá ò rẹ́rìn-ín. Oríkì yẹn ti gbé e padà sí àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú un láti ìlú rẹ̀, Molutehin, wá sí Zion Pepe níbí níyàwó. Kò tíì sí ariwo ẹ́ńjìnnì lójú omi nígbà náà. Olówòkéré ń fi àjẹ̀ tukọ̀, Sàláúdéènì ń kì í, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí omi ń nàró wò wọ́n. Òun ìyàwó náà fọwọ́ gbá omi látinú ọkọ̀, ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ó tiẹ̀ máa ń rẹ ọkùnrin yìí?

Nígbà tí àlejò lọ tán, ó rọra béèrè: "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọn ò ti sọ̀rètí nù lórí yín?"

"Rárá. Èmi gan-an ni mo bi wọ́n nípa iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ó lè jẹ́ kí ìtọ̀ máa dà lára mi, kí n má sì lè ṣe ọkọ mọ́. Bí kò bá tíì di dandan, Fẹ̀hìn, mi ò tíì fẹ́ fi ìyẹn sílẹ̀."

"Arúgbó yìí!" Ó gbá a léjìká, àmọ́ kò mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ó gbàdúrà sórí rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí ọkọ rẹ̀ fi ṣe àmín. "Tí wọ́n bá ń ṣọ́ jẹjẹrẹ, èmi náà á máa ṣọ́ wọn."

Kingsley, tó ń wa ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì, ń kọjá lọ. Fẹ̀hìntọlá pè é.

"Kingsley! Ọjọ́ tí bàbá bá ń padà lọ sọ́dọ̀ dókítà, èèyàn méjì ni wàá gbé o!"

"Màmá, ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì?"

"Èmi náà ni. Ṣáà rọra máa wà á."