Alágbẹ̀dẹ Kúnlẹ̀

Aránṣọ ń tú ìṣẹ́tí ṣòkòtò kan lọ́wọ́ nígbà tí òǹkọ̀wé wọlé, fóònù ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Arúgbó ni. Ìwé kan ṣoṣo ló kọ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ilé-ìwé tí kò ka ìtàn alágbẹ̀dẹ tó lé ìyàwó rẹ̀ jáde, tó sì ti ilẹ̀kùn.

Ibi tí ìwé náà parí sí ni aránṣọ ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, á kọ díẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lórí fóònù. Àwọn tó ń kà á ti pọ̀. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní aṣọ tí wọ́n fẹ́ rán.

Ó kí bàbá, ó fún un ní àga. Tí bàbá bá ní kó pa ohun tó kọ rẹ́, yóò pa á rẹ́. Bàbá ló ni alágbẹ̀dẹ àti ìyàwó rẹ̀.

Bàbá kò pè é lólè. Ó ní òun ti kà á, ìyàwó náà tilẹ̀ lẹ́nu ju bí òun ṣe dá a lọ. Ibì kan ló há òun lọ́fun.

"O ní alágbẹ̀dẹ kúnlẹ̀ bẹ ìyàwó rẹ̀. Irọ́ ni. Kò lè kúnlẹ̀. Èmi ni mo bí i."

"Ẹ̀yin lẹ bí i, bàbá. Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?"

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní irun òun ṣì dúdú nígbà náà.

"Tirẹ̀ náà ti funfun. Àwọn ọmọ ti lọ. Kò sẹ́ni tó ń bá a finná mọ́."

Bàbá na ẹsẹ̀ kan, ó ká a padà.

"Orúnkún àgbà kì í ṣàdédé kanlẹ̀. Jẹ́ kó kọ́kọ́ di òpó ilẹ̀kùn mú. Kó máa gbin."

Aránṣọ ò rí bébà nítòsí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára aṣọ oníbàárà.

"Ṣé yóò dárí jì í?" ni bàbá bi í.

Aránṣọ ní ìyàwó ò tíì sọ fún òun.

Bàbá fa àga sún mọ́ ẹ̀rọ. Wọ́n tún ìtàn náà mú láti ibi tí alágbẹ̀dẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jọ ń tò ó. Nígbà tí oòrùn máa fi kúrò ní ojú fèrèsé, alágbẹ̀dẹ ti wà nílẹ̀, ó ti bẹ̀bẹ̀ tán. Èsì ìyàwó nìkan ló kù.