Aláàwẹ̀ Tó Ń Ṣọ́ Bisikíìtì

Ẹni tí ebi kì í pa là á fi ṣọ́ oúnjẹ. Èrò tí wọ́n gbà ní ọ́fíìsì náà nìyẹn, tí wọ́n fi kó kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lé Ìyá Àdúrà lọ́wọ́. Akọ̀wé àgbà ni, òun ló ń ṣáájú àdúrà àárọ̀, ó sì ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kò ní fi nǹkan kan ẹnu àfi tí aago méjìlá bá lù. "A-fi-ebi-ṣọ̀ṣọ́" ni wọ́n fi ń kì í. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ni agolo bisikíìtì oníbọ́tà wà, èyí tí ọ̀gá máa ń rà lọ́jọ́ Ajé, kí gbogbo wọn lè fi mu tíì lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì.

Wọ́n gbàgbé pé aláàwẹ̀ gan-an lebi ń pa jù.

Ẹyọ kan ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kóun kàn tọ́ ọ wò bóyá ó ti rọ̀. Kò tíì rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, torí bisikíìtì kì í dá ọjọ́ tí yóò rọ̀ fún ènìyàn. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á nu ẹnu, á tọrọ ìdáríjì, á sì padà sínú ààwẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run ni, kò kan ẹlòmíràn.

Ó kan ẹlòmíràn lọ́jọ́ Ẹtì kan tí ọ̀gá ṣí agolo, tó bá èérún.

"Ta ló máa ń dá wà nínú yàrá yìí láàárọ̀?"

Gbogbo ojú yí sí agbálẹ̀, opó ọlọ́mọ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó bèèrè bí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, mi ò fọwọ́ kàn án!"

"Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Má wá mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Àdúrà, ẹ gbàdúrà, kí Ọlọ́run tú àṣírí olè."

Ìyá Àdúrà dìde, ó dijú. "Olúwa, ẹni tó jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀..."

"Àmín!" Akọ̀wé kékeré kan ò jẹ́ kó délẹ̀. Ṣùgbọ́n àmín agbálẹ̀ ló ròkè jù, ó sì gún Ìyá Àdúrà lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Ó lajú.

"Èmi ni. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀."

Akọ̀wé kékeré pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ wo ìfẹ́! Mọ́mì fẹ́ ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀!"

"Mo ní èmi ni! Láàárọ̀ yìí gan-an, mẹ́rin ni mo jẹ!"

"Mẹ́rin kẹ̀? Nínú ààwẹ̀?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá, ẹ ò tilẹ̀ mọ irọ́ pa. Ó dáa, nítorí tiyín, mo dárí jì í. Ìwọ, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Nígbà tí àwọn yòókù lọ mu tíì lásán, agbálẹ̀ wá kúnlẹ̀ nídìí tábìlì Ìyá Àdúrà. "Ẹ ṣeun, mà."

"Má dúpẹ́ jàre. Òótọ́ ni mo sọ."

"Mo mọ̀, mà. Ṣebí èmi ni mò ń gbá èérún abẹ́ tábìlì yín láràárọ̀."

"O mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ?"

Obìnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ẹ̀yin fúnra yín sọ ọ́, mà, wọn ò gbà. Ká ní èmi ni mo sọ ọ́ ńkọ́?"