Ìlà Tó Kẹ́yìn Nínú Ìwé Ìran

2.

…àti pé Gbémi fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n bi Ọlọ́run. Ẹ má gbàgbé ìyẹn. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Láti ọdún tó kọjá ni Adébọ̀wálé, ọkọ rẹ̀, ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí tu ara rẹ̀ nínú. Kò tíì tù ú.

(Apá ìkíní wà. Ojú ń tì í ni. Ẹ jẹ́ kó dúró sẹ́yìn ná.)


3. ÀKỌSÍLẸ̀ ÌPÀDÉ ÀWỌN ÀGBÀ
Ìjọ Aládùúrà Ìmọ́lẹ̀ Ayọ̀, Japara, Ìjẹ̀bú-Igbó

Arábìnrin Gbémi, olórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ó ń fẹ́ àdúrà ìjọ, ó sì ní kí a bi Ọlọ́run.

Bàbá Ìjọ ní Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sí Tímótì, ọ̀rọ̀ parí: obìnrin kì í ṣe olórí ọkùnrin.

Ìyá Ìjọ ní Dèbórà ńkọ́? Ta ló fi í jẹ onídàájọ́, ṣé ará Japara ni?

Àpọ́sítélì ní ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, kò dé káńsù.

Bàbá Ìjọ ní orí téèyàn gbé wá ṣọ́ọ̀ṣì náà ló ń gbé lọ sí káńsù.

Ariwo díẹ̀.

Arákùnrin Adébọ̀wálé, ọkọ arábìnrin náà, ní ohunkóhun tí Ọlọ́run bá wí, òun fara mọ́ ọn.

A fẹnu kò pé kí Wòlíì Ìbíyẹmí wọ inú ẹ̀mí, kí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá sí i.

Akọ̀wé: Adébọ̀wálé.


4.

Irọ́ ni. Kò fara mọ́ nǹkan kan.

Nílé, ó ti sọ fún Gbémi pé òun wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ó bá a lọ gba fọ́ọ̀mù. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri, òun ló bá a tún gèlè rẹ̀ tò. Ọjọ́ kejì, ní yàrá àwọn olùkọ́, ẹnì kan pè é ní "ọkọ káńsẹ́lọ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọnú rẹ̀ lọ, ó sì jókòó síbẹ̀.

Ọkùnrin tó ń kọ́ ọmọ olọ́mọ ní Yorùbá, tí òwe kún ẹnu rẹ̀ fọ́fọ́, kò rí gbólóhùn kan ṣoṣo sọ fún ìyàwó rẹ̀: mi ò fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ojo ni.


5. BÍ A ṢE Ń GBA ÌRAN SÍLẸ̀

Wòlíì Ìbíyẹmí, obìnrin tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá, kò mọ̀wé. Bó bá wọ inú ẹ̀mí, Ìjẹ̀bú paraku ló fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá jáde, kì í rántí ẹyọ kan. Akọ̀wé á jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tòun ti bírò. Ohun tí akọ̀wé bá kọ ni ìran. Kò sí òmíràn.

Bàbá Ìjọ tó ní obìnrin ò gbọdọ̀ pàṣẹ, orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń gba ìran lẹ́nu Màmá. Kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà láti ìhà yẹn rí.

Ọdún mọ́kànlá ni Adébọ̀wálé ti ń ṣe akọ̀wé. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Ó máa ń tún Ìjẹ̀bú Màmá kọ sí Yorùbá ilé ìwé, kó lè dùn ún kà. Wọ́n máa ń yìn ín fún un. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.


6. ÌWÉ ÌRAN, ojú ìwé kẹtàlélógún

Sí Arábìnrin Gbémi:

Mo rí i láàárín odò. Omi dé àyà rẹ̀. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù wà lórí wọn.

Olúwa wí pé: obìnrin ni. Kí ó padà sílé, kí ó má baà rì.


7.

Sí Alága Ẹgbẹ́ Òṣèlú wa ní wọ́ọ̀dù,

Mo fi ìwé yìí sọ fún yín pé mi ò du ipò mọ́. Kì í ṣe èèyàn ló dá mi dúró. Ẹni tó ju gbogbo wa lọ ni.

Gbémi.

(Ọkọ rẹ̀ ló bá a yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́. Ó bá a tún àmì ohùn méjì ṣe.)


8. OHUN TÓ YÍ PADÀ LÁRA GBÉMI

Kò kọrin mọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní ọ̀fun ń dun òun.

Kì í bá Adébọ̀wálé jiyàn mọ́. Ohunkóhun tó bá sọ, "bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, ó ń bi Ọlọ́run pé kí lòun ṣe. Ọjọ́ méjèèje ló fi se oúnjẹ ọ̀sán fún ọkọ rẹ̀, tó gbé e síwájú rẹ̀, tó sì padà lọ kúnlẹ̀. Adébọ̀wálé jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá. Ó sì ń bu ọbẹ̀ sí i.


9. OHÙN TÍ SHUKURAT FI RÁNṢẸ́ LÓRÍ FÓÒNÙ
(Òun ni igbákejì Gbémi níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí.)

"Mọ́mì Fìyìn, ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì lẹ mọ bí Ọlọ́run ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi ò lè bá a du. Àmọ́ ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ wa tún rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Mamu. Ọjọ́ kẹta rèé. Gbogbo ẹ̀ ti jẹrà. Káńsẹ́lọ̀ tuntun ò gbé fóònù. Mi ò fi dá yín lẹ́bi o. Alhamdulillah."

Adébọ̀wálé ló tẹ̀ ẹ́ fún un. Ọwọ́ Gbémi wà nínú omi.


10. LÁTI ÀGỌ́-ÌWÒYÈ, LỌ́DỌ̀ FÌYÌNFÓLÚWA, ỌMỌ WỌN

Dádì, ẹ káàsán sà. Àwọn kíláàsì wa ní kí n wá du prẹ́sídẹ́ǹtì dípátímẹ́ǹtì. Mọ́mì ní rárá. Wọ́n ní Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀ lórí àwọn obìnrin ilé wa, pé ẹ̀yin gan-an lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni, Dádì? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, màá jáwọ́. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́.


11. ÈSÌ TÓ KỌ, TÓ PA RẸ́

Ọmọ mi, ti ìyá rẹ ò kàn ọ́

Bi ìyá rẹ

Ìwé rẹ ni kó o gbájú mọ́

Fìyìn, èmi ni mo


1.

Ó dáa. Ìkíní rèé. Mi ò ríbi fi í pamọ́ sí mọ́.

Ohun tí Màmá sọ lọ́jọ́ náà:

Mo rí i láàárín odò. Omi dé àyà rẹ̀. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù wà lórí wọn. Ibi tó bá tẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ má pè é padà.

Adébọ̀wálé kọ gbólóhùn mẹ́ta, bírò rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó kọ tirẹ̀. Kò pẹ́ ju kéèyàn wúkọ́ lọ. Ohun tí kò lè sọ lójú ìyàwó rẹ̀, ó fi sí Ọlọ́run lẹ́nu.


12. ÌGBÀSÍLẸ̀
(Nígbà tí kò rí èsì, Fìyìnfólúwa gun ọ̀kadà wálé lọ́jọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá rẹ̀ mú un lọ bá Wòlíì. Akọ̀wé wà níbẹ̀ tòun ti ìwé ìran. Fóònù ọmọ náà ló gbà á sílẹ̀.)

WÒLÍÌ ÌBÍYẸMÍ: Ọmọ yìí ń bi mí, mi ò sì rántí. Akọ̀wé, kí ni mo sọ?

ADÉBỌ̀WÁLÉ: Ó wà nínú ìwé, Màmá.

WÒLÍÌ ÌBÍYẸMÍ: Kà á fún wa.

(Ìró ìwé.)

ADÉBỌ̀WÁLÉ: Mo rí i láàárín odò. Omi dé àyà rẹ̀. Àwọn èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù wà lórí wọn.

(Ó wúkọ́.)

FÌYÌNFÓLÚWA: Ó parí, Dádì?

GBÉMI: Bàbá Fìyìn.

ADÉBỌ̀WÁLÉ: Hùn.

GBÉMI: Ẹ pa ìwé yẹn dé. Ẹ sọ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ.


13.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Adébọ̀wálé wo ojú Gbémi, kò rí ìbínú níbẹ̀, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù. Kò mọ ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀. Bóyá ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀. Ó pa ìwé náà dé.


14.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ṣẹ́ kù nínú ìgbàsílẹ̀ náà. Ohùn Adébọ̀wálé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: "Ibi tó bá tẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Ẹ má pè é padà."