Òkúta Màmá Fáyẹ́misí

Àpínkẹ́ kò fẹ́ rí Màmá Fáyẹ́misí sójú, kò sì fi í pamọ́. Obìnrin mẹ́fà ló ń bó ẹ̀gẹ́ nílé iṣẹ́ gàrí Ọ̀gá Hugues, ní Ifangni, lójú ọ̀nà Tchaada. O bó bàsíà mẹ́wàá o, o bó mẹ́rin o, ẹgbẹ̀rún méjì fúráǹkì ni owó ojúmọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àpínkẹ́ ló ń bó mẹ́wàá. Màmá ló ń bó mẹ́rin. Kí èèyàn máa ṣiṣẹ́ bí ẹrú, kó wá máa gba iye kan náà pẹ̀lú arúgbó tó ń fi òkúta ṣeré, ta ni inú rẹ̀ ò ní ru?

Òkúta yẹn gan-an ló ń bí i nínú jù. Alágbẹ̀dẹ ni ọkọ Màmá kó tó kú, òun ló fi òkúta náà sílẹ̀ fún un. Màmá á ti dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, á kó ọ̀bẹ gbogbo wọn jọ, á máa pọ́n wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀bẹ ẹnìkan kò bá mú mọ́ lọ́sàn-án, onítọ̀hún á jù ú sí i, Màmá á sì fi bàsíà tirẹ̀ sílẹ̀, á pọ́n ọn padà fún un. Fortunée nìkan ló máa ń bu omi fún un mu. Lójú Àpínkẹ́, ọ̀lẹ ni ìyá náà, ó kàn ń wá ohun tó máa fi bojú ni.

Bẹ́ẹ̀, Àpínkẹ́ nílò owó. Sylvie ọmọ rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tán ní Igolo, ọ̀gá tó kọ́ ọ ò sì ní tú u sílẹ̀ àfi tí owó ìgbòmìnira bá pé kí ọdún tó parí.

Ló bá tọ Ọ̀gá Hugues lọ. "Ọ̀gá, ohun tí ọwọ́ oníkálùkù bá ṣe ni kó máa gbà. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ la ń bọ́ àwọn ọ̀lẹ."

Àfi bíi pé ọkùnrin náà ti ń dúró de ẹni tó máa sọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó pè wọ́n jọ. "Bon. Àpínkẹ́ ní ohun tí ọwọ́ oníkálùkù bá ṣe ni kó máa gbà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Kùtọnu nìyẹn. Igba ó lé àádọ́ta fúráǹkì lórí bàsíà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní fi mí sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíì, èmi náà ò sì ní máa dúró lé yín lórí mọ́. Bàsíà ni yóò máa ṣọ́ yín. Ẹni tí kò bá sì bó mẹ́fà lóòjọ́, kó jókòó sílé ẹ̀." Kò sọ fún wọn pé àwọn oníbàárà tó wà ní Idiroko ń béèrè gàrí ju èyí tó ń rí tà lọ.

Màmá ní, "Ọ̀gá, ọ̀bẹ tí mò ń pọ́n ńkọ́?"

"Màmá, ọ̀bẹ kì í kún bàsíà. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ bó ni mo fẹ́ rí."

Àpínkẹ́ rẹ́rìn-ín síta kí ìyá náà lè gbọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni Màmá fi aṣọ di òkúta rẹ̀, ó gbé e lérí, ó gba ọ̀nà Tchaada lọ. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà fi dùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀bẹ Àpínkẹ́ kú. Ó ra òkúta ní Igolo, ó fi pọ́n ọ̀bẹ títí etí rẹ̀ fi já jálajàla. Òkúta wà, ọwọ́ ni kò sí. Mẹ́wàá di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mẹ́fà. Ó wo àwọn mẹ́rin yòókù, ọ̀bẹ tiwọn ń já wọnú ẹ̀gẹ́ wẹ́rẹ́. Ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kálukú kọ ẹ̀yìn sí i. Kí ló máa mú wọn sọ fún un? Ṣé bàsíà tirẹ̀ ló máa sanwó tiwọn ni?

Lọ́jọ́ tó bó márùn-ún, Ọ̀gá Hugues dúró níwájú rẹ̀. "Àpínkẹ́, ṣé ìwọ kọ́ lo ní ọ̀lẹ pọ̀ níbí ni? Bó bá tún jẹ́ márùn-ún lọ́la, c'est fini, ó parí nìyẹn." Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó.

Ó gbé ìtìjú mì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Tchaada nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà, òkúta wà níwájú rẹ̀, omi wà nínú agolo. Ọ̀bẹ mẹ́rin ló tò sílẹ̀. Ó dá ti Fortunée mọ̀, nítorí àkísà pupa tó wà léèkù rẹ̀.

Àpínkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ọ̀bẹ mi ni mo gbé wá. Ẹ dákun."

Màmá kò ní kó dìde. "Igba ó lé àádọ́ta fúráǹkì."

"Odindi owó bàsíà kan, Màmá?"

"Ohun tí ọwọ́ oníkálùkù bá ṣe ni kó gbà. Ṣebí ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

Ojú Àpínkẹ́ kò kúrò lára àkísà pupa náà. "Ṣé iye tí Fortunée náà san nìyẹn?"

"Fortunée bu omi fún mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín. Mi ò gba owó lọ́wọ́ Fortunée."

Àpínkẹ́ tú etí aṣọ rẹ̀, ó ka owó náà sílẹ̀. Nínú owó Sylvie ni. Màmá kó o, ó sì fi ọ̀bẹ rẹ̀ sẹ́yìn àwọn mẹ́rin tó kù.

"Lọ jókòó sọ́hùn-ún. Ti àwọn yẹn ni màá kọ́kọ́ pọ́n."