Ọ̀dà Lọ́rùn Ràkúnmí

Abo ràkúnmí yẹn ò ké lọ́jà rárá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Nafti fà á dé ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Douz ló bẹ̀rẹ̀. Ó kọjú sí aṣálẹ̀, ó na ọrùn, ó sì ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Láti ìgbà náà, oòrùn kì í wọ̀ kó má ké.

Ọkùnrin tó tà á kò dúró mu tíì. Ta ló ń ta ràkúnmí tí kì í dúró mu tíì? Owó tó pè kéré débi pé ojú ti Nafti láti ná an. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: ó mọ̀. Àmì irin gbígbóná ìdílé ẹlòmíì wà lọ́rùn ẹran náà kedere. Ó wá po ọ̀dà, oògùn tí wọ́n fi ń wo ràkúnmí tí ara ń yún, ó fi kun àmì náà títí kò fi hàn mọ́.

"Bàbá Héchmi," ni Salouha ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ kúkú fi ọ̀dà dí i lẹ́nu, torí ọrùn ẹ̀ kọ́ ló ń ké."

Nafti ò rẹ́rìn-ín. Oorun ò kùn ún mọ́. Ẹran náà ò fún wọn ní wàrà, ẹ̀kán kan báyìí. Bí Nafti bá ti fọwọ́ kan ọmú rẹ̀, á yíjú wò ó títí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sájẹ́ǹtì Laroussi dé pẹ̀lú opó arúgbó kan, Omm Ezzine. Awọ ọmọ ràkúnmí tí wọ́n ki koríko sínú rẹ̀ wà ní abíyá arúgbó náà. Ọmọ tí abo ràkúnmí yìí bí ni, ó ti kú. Àfi tí ìyá rẹ̀ bá gbóòórùn awọ náà kó tó tú wàrà. Omm Ezzine gbé e sílẹ̀, ó ń kọrin lábẹ́ ètè. Ràkúnmí náà dorí kodò, ó ń fi imú ra awọ náà, wàrà sì ń kán sínú iyanrìn láìsí ọwọ́ tó kàn án.

"Ìyá, ẹran yín nìyí." Sájẹ́ǹtì kọjú sí Nafti. "Ẹ̀gbọ́n, rírà lọ́jà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun kan ni òfin ń bi yín: ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n jí i?"

"Kò mọ nǹkan kan!" Salouha já lu ọ̀rọ̀. "Ara ló ń yún un tá a fi fi ọ̀dà kùn ún!"

"Ara yíyún tó tọrùn bẹ̀rẹ̀? Abíyá àti itan lèyí tí mo mọ̀ ń gbà wọlé. Ọmọ darandaran lèmi náà kí n tó wọṣọ yìí, ìyàwó."

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ni Omm Ezzine wí. "Ẹran ni mo wá mú. N ò wá mú èèyàn."

Laroussi wolẹ̀. "Tó bá ní òun ò mọ̀, màá lọ."

"Ẹ sọ ọ́ o, Bàbá Héchmi! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo!"

Nafti la ẹnu. Ràkúnmí náà gbórí sókè, ó yíjú sí i, ó ń wò ó.

"Mo mọ̀," ló wí. "Kí n tó di okùn ẹ̀ mú ni mo ti mọ̀."

"Ẹ̀wọ̀n lẹ sọ yẹn!" ni Salouha ké.

"Mo gbọ́."

Salouha ní kí wọ́n dúró, kí òun lọ mú aṣọ òtútù ọkọ òun wá. Ó wọlé. Wọ́n dúró, dúró, kò jáde. Nafti wọnú ọkọ̀ ọlọ́pàá láìsí aṣọ òtútù.